Bí a ṣe ń ṣètò API fún sáfà tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà lọ sí òkèèrè

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti mọ C díẹ̀, tó sì fẹ́ kọ library tí àwọn ètò mìíràn yóò máa lò láti fi ojú kọ̀ǹpútà kan hàn níbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Iléṣà ni ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe ń gbé, nǹkan bíi kìlómítà 30 síra wọn, kò sì yẹ kó wọ mọ́tò torí kó lè tẹ "OK" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín ìlú méjèèjì yìí, iná lè lọ nígbàkigbà, dátà lè tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa fà bí ìgbín. Ìsopọ̀ tó já kì í ṣe àjálù níbí, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi function kan sínú API yín (àwọn function tí ètò mìíràn á máa pè nínú library yín), ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìsopọ̀ bá já báyìí?

Ẹ má ṣe dá protocol tuntun sílẹ̀

RFB, protocol (òfin bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀) tí VNC, ètò wíwo ojú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń lò, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Olivetti Research Laboratory ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti wá, ó sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì RFC 6143 láti ọdún 2011. RDP ti Microsoft, tó ń lo port 3389, mọ iṣẹ́ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohùn, ìtẹ̀wé, fáìlì. Ṣùgbọ́n ó gbòòrò débi pé ó máa pẹ́ kí àwòrán àkọ́kọ́ tó jáde. RFB kéré, ètò tó ń ka á sì wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà gbogbo, ìyẹn ni pé ẹ kò ní láti kọ kíláyẹ́ǹtì, ètò tí ẹni tó wà lókèèrè fi ń wò ó, rárá.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Sáfà á kọ́kọ́ fi báìtì 12 ránṣẹ́: `RFB 003.008` àti àmì ìlà tuntun. Kíláyẹ́ǹtì á dá tirẹ̀ padà, wọn á fẹnu kò lórí ọ̀nà ìdánimọ̀, lẹ́yìn náà sáfà á sọ bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ga tó, irú pixel tó ní àti orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kíláyẹ́ǹtì ló ń béèrè àwòrán. Bí kò bá béèrè, sáfà kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Gbólóhùn kan yìí ló máa pinnu bí API yín ṣe máa rí.

Ta ló ni kí ni

Nǹkan mẹ́rin péré ni ètò tó ń lo library yín gbọ́dọ̀ mú wá: pixel, ìròyìn ibi tó yí padà, ohun tí yóò ṣe sí bọ́tìnnì àti máòsì, àti ìpinnu lórí ẹni tó lè wọlé. Socket, ìdánimọ̀, fífún àwòrán pọ̀, ìṣirò kíláyẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, ti library ni gbogbo ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn yọ sí ìta, nítorí ohun tó bá ti yọ sí ìta, ẹnì kan á fi ọwọ́ kàn án, ẹ kò sì ní lè yí i padà mọ́.

```c
typedef struct oju oju_t;

typedef struct {
    uint32_t iwon; /* sizeof(oju_eto_t) */
    uint16_t fife, giga;
    uint32_t ila; /* báìtì láti orí ìlà kan dé orí èkejì */
    const char *adiresi;   /* NULL: 127.0.0.1 */
    uint16_t port; /* 0: 5900 */
    const oju_ipe_t *ipe; /* Àwọn callback: function ti ètò tí library á máa pè */
    void *temi;
} oju_eto_t;

int  oju_da(oju_t **o, const oju_eto_t *eto);
int  oju_samisi(oju_t *o, int x, int y, int fife, int giga);
int  oju_sise(oju_t *o, int ms);
int  oju_yi_iwon(oju_t *o, uint16_t fife, uint16_t giga, uint32_t ila);
void oju_pa(oju_t *o);
```

`iwon` ni ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹ bá fi nǹkan tuntun kún ìdí struct yìí ní ọdún tó ń bọ̀, ètò tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa mú ìwọ̀n àtijọ́ wá, library á sì mọ ibi tó yẹ kó ti dáwọ́ kíkà dúró. Láìsí i, yóò ka mẹ́mọ̀rì tí kì í ṣe ti struct náà, ètò á sì kú lórí ẹ̀rọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. `oju_ipe_t` náà gbọ́dọ̀ fi `iwon` tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

`temi` jẹ́ ohun tí ètò fi lé library lọ́wọ́, tí library á máa dá padà fún un nínú callback gbogbo láì wo inú rẹ̀. Bí kò bá sí, àwọn èèyàn á máa kó nǹkan wọn sí ìta gbangba nínú kóòdù, kò sì ní ṣeé ṣe láti fi ojú kọ̀ǹpútà méjì hàn nínú ètò kan. Ní ti ìdáhùn, ẹ dá 0 padà bó bá dáa, kí ẹ sì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí `oju_da` kọ̀ fún fẹ́ mọ̀ bóyá ètò mìíràn ló ti gba port 5900 tàbí mẹ́mọ̀rì ló tán. "Kò ṣiṣẹ́" nìkan kò ràn án lọ́wọ́.

Pixel, àti ìwọ̀n ìlà

Ojú kọ̀ǹpútà 1366×768 tí pixel rẹ̀ ń gba báìtì 4 jẹ́ báìtì 4,196,352. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé díẹ̀ ní gigabit kan. Kò sí SIM kankan ní Ifẹ̀ tó máa gbé ìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a gbà pé gígùn ìlà kan nínú mẹ́mọ̀rì jẹ́ fífẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. 1366×4 jẹ́ 5,464, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi tí àwòrán ti ń wá máa ń sún un dé ìlọ́po 64, tí í ṣe 5,504. Báìtì 40 tó lé yẹn jẹ́ pixel 10. Bí API yín kò bá ní àyè fún `ila`, ìlà kọ̀ọ̀kan á yẹ̀ ní pixel 10 sí ti òkè rẹ̀, gbogbo àwòrán á sì dagun bí ilé tó fẹ́ wó. Bí ẹ bá rí àwòrán tó dagun, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Pixel náà wà lọ́wọ́ ètò, library kàn ń yá a kà ni. Ẹ fi callback méjì sí i: `mu`, tí library á pè kó tó kà á, tí yóò sì dá ibi tí pixel wà padà, àti `fi_sile`, tí yóò pè bó bá ti kà á tán. Láàárín méjèèjì, ètò kò gbọdọ̀ yà nǹkan sórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì fèrèsé tuntun àti ìdajì ti àtijọ́ ló máa dé ọ̀dọ̀ kíláyẹ́ǹtì. Òfin tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ library: ẹ má ṣe di pixel mú nígbà tí ẹ bá ń kọ nǹkan sí socket. Ẹ fún àwòrán pọ̀ sínú buffer tiyín, ẹ pe `fi_sile`, kí ẹ tó ránṣẹ́. Bí ẹ bá ṣe é sódì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fà ní Iléṣà á mú kí máòsì ẹni tó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà ní Lágere dì.

Kíláyẹ́ǹtì lè ní òun fẹ́ irú pixel mìíràn. Library ló máa yí i padà, ètò kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́.

Sísàmì sí ibi tó yí padà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ irú library yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń fi function kan tí ń "fi àwòrán ránṣẹ́" sí i. Ẹ yọ ọ́. `oju_samisi` kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó kàn ń sọ pé onígun mẹ́rin báyìí ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí kíláyẹ́ǹtì bá béèrè ni library á wo ohun tó yí padà láti ìgbà tí ẹni yẹn béèrè kẹ́yìn, tí yóò sì ka pixel bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

Ìdí rẹ̀ ni kíláyẹ́ǹtì tó lọ́ra. Ká ní ẹ ń to àwòrán jọ dè é, mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, GB 2.5 ti kún mẹ́mọ̀rì kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bí ẹni ń fi garawa da omi sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró ni. Àmọ́ àmì kì í pọ̀ sí i: ibi tí a ti sàmì sí, bí a sàmì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ló rí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti tọ́jú àmì ni kí ẹ pín ojú kọ̀ǹpútà sí àwọn ìpín 64×64, ìwọ̀n kan náà tí ZRLE, ọ̀kan nínú ọ̀nà RFB, ń lò láti fún àwòrán pọ̀. 1366×768 á jẹ́ ìpín 22 ní ìbú àti 12 ní òró, 264 lápapọ̀. Bit kan fún ìpín kan: báìtì 33 ló tó fún kíláyẹ́ǹtì kan. Kíláyẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní báìtì 33 tirẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń lo ọ̀kan pọ̀, ẹni tó yára á pa àmì rẹ́ kí ẹni tó lọ́ra tó rí i, àwòrán ti ẹni yẹn á sì kún fún àbùkù tí kò ní lọ títí yóò fi ṣí i tuntun.

Ẹ wò ó pé `int` ni x àti y, kì í ṣe nọ́ńbà tí kò lè dín sí 0. Fèrèsé tí wọ́n fà jáde díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì ní x tó dín sí 0, ètò á sì mú un wá bẹ́ẹ̀. Kí library gé e sí ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà, kó má pariwo. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete pé fífẹ̀ àti gíga ni ẹ ń gbà. LibVNCServer, library VNC kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ń gba igun méjì nínú `rfbMarkRectAsModified`. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá á fi igun kejì sí ipò fífẹ̀, yóò sì sàmì sí ibi tó ju bó ṣe yẹ lọ láì mọ ìdí tí dátà fi ń yára tán.

Function fún gbígbé apá kan àwòrán sípò mìíràn, irú èyí tí CopyRect ti RFB ń lò nígbà tí èèyàn bá ń yí ìwé sókè sódò, dára, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ di ẹ̀dà kejì. Títò ó pọ̀ mọ́ àmì tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ le ju bó ṣe dà lójú lọ.

Bọ́tìnnì, máòsì àti èdè Yorùbá

```c
void (*botini)(void *temi, uint32_t kilaye, uint32_t keysym, int te);
void (*maosi)(void *temi, uint32_t kilaye,
              uint16_t x, uint16_t y, uint8_t botini);
void (*kopi)(void *temi, uint32_t kilaye,
             const char *utf8, size_t gigun);
```

Nọ́ńbà ni `kilaye`, kì í ṣe pointer. Kíláyẹ́ǹtì lè ti lọ kí ètò tó lo ohun tí ẹ fún un. Nọ́ńbà tí kò sí mọ́ á kàn mú àṣìṣe wá, pointer tí kò sí mọ́ á pa ètò.

RFB kì í sọ ibi tí bọ́tìnnì wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Àmì tó wà lójú rẹ̀ ló ń sọ, gẹ́gẹ́ bí keysym (nọ́ńbà àmì bọ́tìnnì) ti X11, ètò fèrèsé ti Unix àti Linux: `a` jẹ́ 0x61, Enter jẹ́ 0xff0d, Shift apá òsì jẹ́ 0xffe1. Lẹ́tà tí kò sí nínú àtòjọ àtijọ́ náà máa ń jẹ́ 0x01000000 pẹ̀lú nọ́ńbà Unicode rẹ̀. `ẹ` jẹ́ 0x01001EB9, ọ jẹ́ 0x01001ECD, ṣ jẹ́ 0x01001E63. Bí ẹ bá pa keysym mọ́ sínú bit 16, gbogbo ohun tí ẹ bá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì dánwò á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè tẹ "Ọṣun". Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ `uint32_t`.

Àmì ohùn tún ní tirẹ̀. Kò sí nọ́ńbà Unicode kan ṣoṣo fún lẹ́tà ẹ́. Lẹ́tà ẹ ló máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni 0x01000301 tí í ṣe àmì òkè. Lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn, àmì ló máa ń ṣáájú lẹ́tà, bíi 0xfe51 fún àmì òkè àti 0xfe50 fún àmì ìsàlẹ̀. Library kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀. Kó gbé wọn kọjá bí wọ́n ṣe dé, ètò ìkọ̀wé tó wà lórí ẹ̀rọ ló mọ bó ṣe máa ṣe é.

Ní ti kọ́pì, ibi yìí ni ọ̀pọ̀ sáfà ti ń jábọ́. RFC 6143 sọ pé Latin-1, àtòjọ lẹ́tà àtijọ́ kan, ni ọ̀rọ̀ tí a bá dà kọ gbọ́dọ̀ jẹ́. Latin-1 ní à àti é, kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì ní àmì ohùn tó dá dúró. "Ifẹ̀" á wá di "If??", "Ọ̀ṣun" á di "???un". Ìyípadà kan wà tí àwọn kíláyẹ́ǹtì ìgbàlódé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Extended Clipboard, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0xC0A1E5CE, UTF-8, tó ń gba gbogbo lẹ́tà Unicode, ló sì ń gbé. Ẹ jẹ́ kí API gba UTF-8 nìkan, kí library yan èyí tí kíláyẹ́ǹtì mọ̀. Ẹ mú `gigun` dání, iye báìtì ni, kì í ṣe iye lẹ́tà: "Ifẹ̀" jẹ́ báìtì 7. Bí ẹ bá gé e sí 4, ìdajì lẹ́tà ẹ ló máa dé ọ̀hún.

Máòsì rọrùn. Bit 0 ni òsì, 1 ni àárín, 2 ni ọ̀tún, 3 àti 4 ni yíyí sókè àti yíyí sódò.

Wàyí o, ká bi ìbéèrè wa: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìsopọ̀ bá já nígbà tí ẹni ti Iléṣà ṣì tẹ Ctrl mọ́lẹ̀? Kíbọ́ọ̀dù Lágere á gbà pé Ctrl ṣì wà nílẹ̀. Akọ̀wé á tẹ `a` láti kọ orúkọ oníbàárà, gbogbo ìwé á dúdú bí ẹni yàn án; á tẹ lẹ́tà kejì, ìwé sì lè lọ. Nítorí náà library gbọ́dọ̀ máa rántí gbogbo bọ́tìnnì tí kíláyẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ tí kò tíì gbé ọwọ́ kúrò. Bó bá ti já, kó pe `botini` pẹ̀lú `te` = 0 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún máòsì, kó tó sọ fún ètò pé kíláyẹ́ǹtì ti lọ. Ẹ má fi èyí lé ètò lọ́wọ́. Wọn á gbàgbé.

Ẹni tó lè wọlé

Ìdánimọ̀ àtijọ́ ti VNC ń fi báìtì 16 dán kíláyẹ́ǹtì wò pẹ̀lú DES, ọ̀nà ìfipamọ́ àtijọ́ kan. Lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ nìkan ló ń kà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, àwòrán àti bọ́tìnnì tó sì tẹ̀ lé e ń rìn ní gbangba. Ìdí nìyẹn tí `adiresi` fi jẹ́ 127.0.0.1 bí ètò kò bá sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìta á gba inú SSH, ìsopọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè ka ohun tó ń gba inú rẹ̀, wá:

```
ssh -L 5901:127.0.0.1:5900 orúkọ@ẹ̀rọ
```

Bí ẹ bá fẹ́ TLS (ìfipamọ́ ohun tó ń rìn lójú ọ̀nà) nínú library fúnra rẹ̀, VeNCrypt, tí í ṣe ọ̀nà ìdánimọ̀ 19, ni kí ẹ lò.

Callback `wole` á dá ọ̀kan nínú mẹ́rin padà: kó wọlé, kó máa wò láì fọwọ́ kàn án, kó má wọlé, tàbí kó dúró. "Dúró" ló gba ìrònú. Ó yẹ kí ètò lè bi ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ pé "Ṣé kí ó wọlé?", ìyẹn sì lè lọ mú omi. Bí callback bá dúró dè é, àwòrán àwọn yòókù á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ètò á dá "dúró" padà lójú ẹsẹ̀, yóò sì pe `oju_dahun(o, kilaye, ...)` nígbà tó bá gbọ́ ìdáhùn. Bí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá kọjá, kí library ti ilẹ̀kùn.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé àwọn ará òkè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ níbí, fóònù tàbí modem onísíìmù ló ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn púpọ̀ ló sì ń pín àdírẹ́sì kan lò, kò sí bí ẹ ṣe lè pè wọ́n láti ìta. Ẹ fi `oju_kan_jade(o, àdírẹ́sì, port)` sí i, kí sáfà fúnra rẹ̀ lọ bá kíláyẹ́ǹtì tó ń dúró, lórí port 5500 gẹ́gẹ́ bí àṣà. Láti ibẹ̀ lọ, bákan náà ni ohun gbogbo, `wole` pàápàá.

Thread, àti pípa

Ẹ kọ òfin yìí sókè header: gbogbo callback ń ṣẹlẹ̀ nínú thread (ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó ń lọ pọ̀ nínú ètò) tó pe `oju_sise`, ibi tí library ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀; `oju_samisi` àti `oju_dahun` nìkan ni thread mìíràn lè pè. Bí ètò bá pe `oju_pa` láti inú callback, kí library kàn sàmì pé òun máa kú, kó sì kú nígbà tí `oju_sise` bá parí. Ẹni tó bá gbìyànjú láti pa á lójú ẹsẹ̀ á máa dúró de ara rẹ̀ títí láé.

`oju_yi_iwon` kò gbọdọ̀ padà títí library yóò fi dáwọ́ kíka pixel àtijọ́ dúró. Kíláyẹ́ǹtì tó mọ DesktopSize, nọ́ńbà -223, á gba ìwọ̀n tuntun. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ já a kúrò kó tún padà wọlé.

Ìsopọ̀ tó kú láì dágbére

Bí iná bá lọ ní Iléṣà tí kọ̀ǹpútà kú pátápátá, kò sí ẹni tó sọ fún sáfà. Keepalive ti Linux, tí ń wádìí bóyá ẹni kejì ṣì wà, bí ẹ kò bá yí i padà, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7,200, wákàtí méjì gbáko, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ẹ fi `TCP_KEEPIDLE` sí 30, `TCP_KEEPINTVL` sí 10, `TCP_KEEPCNT` sí 3: ìṣẹ́jú kan ló kù. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí keepalive kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí dátà bá wà lójú ọ̀nà tí wọn kò tíì gbà. Fún ìyẹn, ẹ fi `TCP_USER_TIMEOUT` sí 60000. Kí callback `lo`, tí ń sọ pé kíláyẹ́ǹtì ti lọ, sì sọ ìdí tó fi lọ: ó dágbére, ó dákẹ́, ó ṣẹ̀ sí protocol, tàbí àwa la lé e.

Dídán an wò

Ẹ sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín di èyí tó burú lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo:

```
tc qdisc add dev lo root netem delay 150ms loss 2% rate 1mbit
iptables -A INPUT -p tcp --dport 5900 -j DROP
```

Ti àkọ́kọ́ á fi 150ms kún lílọ, 150ms kún bíbọ̀. `tc qdisc del dev lo root` ló ń yọ ọ́ kúrò. Ìkejì ló dà bí iná tó lọ, `-D` dípò `-A` ló ń mú un kúrò. Ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ nínú kíláyẹ́ǹtì kí ẹ tó lò ó, kí ẹ wá ka ìṣẹ́jú kan: `botini` gbọ́dọ̀ gbé Shift sókè kí callback `lo` tó dé. Ẹ má fi `kill -9` rọ́pò rẹ̀, nítorí kernel á bá kíláyẹ́ǹtì náà dágbére, ẹ ó sì rò pé ohun gbogbo dára.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí kíláyẹ́ǹtì méjì, ẹ fi fídíò sí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ fi `kill -STOP` dá ọ̀kan dúró. Èkejì kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa wo `ps -o rss= -p` pẹ̀lú nọ́ńbà sáfà, mẹ́mọ̀rì tó ń lò kò yẹ kó máa gòkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ lo `kill -CONT`. Àwòrán tó ti wà lójú ọ̀nà á kọjá, lẹ́yìn èyí ó gbọ́dọ̀ fò sí ti ìsinsìnyí. Bó bá ń fi ti àtijọ́ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí álíbọ́ọ̀mù, ẹ ṣì ń to àwòrán jọ níbì kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé `oju_samisi` ti ń kọ nǹkan sí socket.